Ìbéèrè Mẹ́ta Tí N Kò Bi Ìyàwó Ilé

Mulíkátù, dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti gbọ́. Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n rẹ ti kà á, ẹni tó wá tún iná ṣe lánàá pàápàá ti kà á. Wọ́n ti gbà ọ́ wọlé láti lọ kọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera. Ó dára. Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ ń wojú mi pé kí n máa yọ̀, n kò sì yọ̀, inú ti ń bí ìyá rẹ. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ kọ́ yẹn, èmi náà kọ́ ọ, mo sì fi í pa èèyàn.

Ẹ má wo ara yín. Orí mi pé. Ẹni tó kú náà ń jẹ́ Ráímì Àkànbí, ọmọ Ìlobù, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ẹnì kan tún wà tí kò kú, tó jẹ́ pé èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ráímì ni, ọmọ Ìfọ́n, Àsàbí ni orúkọ rẹ̀. Tirẹ̀ ló ń dùn mí jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu mi ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin ò lè mọ bí àárọ̀ ṣe rí nígbà náà. Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira, mo ti jáde ní Sítáńdáàdì Síìsì, mo sì ti ka ara mi kún àgbàlagbà. Láti Ẹ̀rìn níbí ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìlobù lójoojúmọ́, ìrì á ti rẹ ṣòkòtò mi dé orúnkún kí n tó débẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò ju yàrá mẹ́rin lọ, páànù ló wà lórí rẹ̀. Kí n tó yọ sí i ni n ó ti máa gbọ́ sítóòfù tí wọ́n fi ń se abẹ́rẹ́, tó ń hó hùù, tí abẹ́rẹ́ ń dún wọnran-wọnran nínú abọ́. Ẹ̀yin ń rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù. Nígbà tiwa, èyí tó gún ará Ìlobù ní àárọ̀ ló máa gún ará Ìfọ́n ní ọ̀sán, wọn á kàn tún un sè ni.

Kí oòrùn tó ràn, èèyàn á ti tò dé ìdí igi máńgòrò. Kíkí nìkan ń gba àkókò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láìkí i. Ẹni tí ibà ń ṣe á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹlòmíràn. "Ẹ kú ìdúró o." "Ẹ kú àìlera, Ọlọ́run á fún wa ní ìlera." "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo rí obìnrin kan tó wà ní ipò kẹta, tó kúnlẹ̀ kí èèyàn títí tó fi di ẹni kọkànlá, kò sì bínú. Ta ló ń kí ara wọn ní ọsibítù báyìí? Kálukú ti tẹrí ba fún fóònù.

Ọ̀gá mi ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí. Kì í ṣe ará ibí. Ó ti bá àwọn òyìnbó lọ jagun ní Bọ́mà, káàdì tí wọ́n ń kọ àìsàn àti oògùn àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ sí ló ń tọ́jú lọ́hùn-ún. Ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan káàdì kankan. Ewé máńgòrò ló ní kí n máa tò. Ẹ gbọ́ mi o, ewé máńgòrò! Á kọ lẹ́tà sára ewé, á dà á sílẹ̀ gbàgà, á ní kí n tò ó láti A dé Y, á sì máa wo aago. Tí n bá ṣi ẹyọ kan, á da gbogbo rẹ̀ rú. "Lẹ́ẹ̀kan sí i, sójà." Mo ṣépè fún ọkùnrin yẹn nínú mi, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ìgbà tó wá jẹ́ kí n wọ yàrá káàdì ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Orúkọ àwa Yorùbá, A ló pọ̀ jù níbẹ̀: Àjàní, Àlàbí, Àyìnlá, Adéṣọlá, Àṣàkẹ́. Àpótí A nìkan jẹ́ mẹ́rin, ti F kò kún ìdajì. Àpótí A yìí náà ni ikán sì fẹ́ràn. Ní ọdún kan, wọ́n jẹ gbogbo àwọn Àjàní tán, ó ku mẹ́ta. A kó èyí tó kù sá sóòrùn, a fi òkúta tẹ̀ wọ́n, Ọ̀gá sì dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìjẹun.

Ká má tíì sọ ti ọjọ́ orí. "Bàbá, ẹ tó ọmọ ọdún mélòó?" "Mo ti ń sáré kiri nígbà tí lukuluku dé." Àwa la ó máa ṣírò rẹ̀ láti ọdún àjàkálẹ̀ àrùn yẹn. Ti iye ọmọ tún burú jùyẹn lọ, ta ló fẹ́ ka ọmọ fún ẹ? "Ọlọ́run ló mọ iye wọn," bí wọ́n ṣe máa dáhùn nìyẹn, wọn á sì kejú mọ́ ọ. Páálí pélébé tí a kọ nọ́ńbà sí ni à ń fún ẹni tó bá gba káàdì, kí ó máa mú un wá tó bá ń padà bọ̀. Àwọn obìnrin á so ó mọ́ etí ìró. Bàbá kan láti Ìfọ́n gbé tirẹ̀ fún oníṣẹ́ awọ, ó ní kí ó rán an bíi tírà. Nígbà tó padà wá, a ní ká fi àlùmọ́gàjí la awọ náà kí á lè rí nọ́ńbà, bàbá náà bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti so ó mọ́rùn ni ẹ̀yìn ò ti dun òun mọ́. Àní Ọ̀gá Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ. Bí wọ́n bí ọmọ jòjòló kan nínú ilé náà ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Á wá orúkọ mìíràn fún un, èyí tó bá ìwà tàbí àwọ̀ rẹ̀ mu: Dúdúyẹmí, Akọ́wé, Ìbàdíàrán. Ìyá yín tó jókòó síbẹ̀ yìí, "Mọ́ńsúrù!" ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ láti òpópónà. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ ni mò ń bá wí. N kò sọ pé ó burú o. Mò ń sọ pé nígbà náà, obìnrin mìíràn á gbà kí o nà án ju kí ó pe orúkọ yẹn jáde lọ.

Ẹ ò wá rí wàhálà tó bá àwa tí à ń fi orúkọ tọ́jú káàdì? Bí ìyàwó bá gbé àbúrò ọkọ rẹ̀ wá, Dúdúyẹmí ló máa ní ká kọ. Bí ìyàwó mìíràn bá tún gbé ẹni yìí kan náà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó di Akọ́wé. Ọ̀gá Ọlátúnjí rí ọkùnrin kan tó ní káàdì mẹ́ta nítorí ìyàwó mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀ fún mi, mo sì há wọn sórí bíi súrà. Ṣé ará ilé ọkọ yín ni ẹ mú wá? Ta ló wà nítòsí tó lè pe orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ níbí rí? Tí kò bá sí ọmọ ilé náà lórí ìlà, kí n ránṣẹ́ sílé lọ pè é. Tó bá dé, ìyàwó á kẹ̀yìn sí wa, á fọwọ́ bo etí, ọmọ ilé á pe orúkọ náà, èmi á sì wá káàdì rẹ̀. "O ò gbọdọ̀ kọ káàdì tuntun kí o tó béèrè," Ọ̀gá ló wí bẹ́ẹ̀. "Ibi tí o bá ti kọ ọ́ láìbéèrè, o ti pa á nìyẹn." Mo rò pé ọ̀rọ̀ sójà ni.

Nígbà tó di ọdún kejì, ó sọ fún mi pé àlejò kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó ń lọ káàkiri láti mú àwọn ọ̀dọ́ tó máa lọ fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ káàdì dójú àmì, kí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí. "Bí ìlà ṣe ń lọ ló máa wò," Ọ̀gá wí, "àti bí ọwọ́ rẹ ṣe yá." Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ Ìbàdàn yẹn dé ibi pé n kò lè jẹun. Bàbá mi ti ní kí n padà sóko. Mo ti ń rí ara mi nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, pẹ̀lú táì, tí mo jókòó sẹ́yìn tábìlì ńlá.

Àlejò náà dé ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, Ọ̀gá sì lọ kó àwọn ìwé ńlá wá fún un láti yàrá kejì. Ọwọ́ mi ń yá, orí mi ń wú. Bẹ́ẹ̀ ni Àsàbí dé iwájú mi. Ráímì fara tì í. Eyín ló ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé ojú kan ti dí, wọ́n fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí, kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," obìnrin náà wí, ó kúnlẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀?"

"Ajíṣafẹ́ ni o."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ ìyàwó ni, nítorí pé ọmọkùnrin náà nínú ìrora yẹn ṣì ya irun rẹ̀ sí méjì, òróró ń dán lórí rẹ̀. Wọn kò mú páálí kankan wá. Mo wo ìlà, n kò rí ẹnikẹ́ni láti ilé wọn. Tí mo bá ránṣẹ́, gbogbo ìlà á dúró, àlejò á sì máa wò mí. Mo mú káàdì tuntun, mo kọ Ajíṣafẹ́ sí i.

Obìnrin náà kò dìde. Ó ní, "Ẹ ò ní kí n wá ẹni tó máa pe orúkọ náà? Àwọn ìyàwó ilé wa ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe. Mo lè sáré lọ pe ìyá rẹ̀."

"Kò pọn dandan lónìí, Ìyá. Ẹ máa lọ síwájú."

Nọ́ọ̀sì gba káàdì náà, ó yí i padà, ó rí i pé ó mọ́ láú. "Ṣé ó ti wá síbí rí?"

"Ẹni tuntun ni," ni mo dáhùn. Àlejò náà mi orí pé ó dára, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Inú mi dùn. Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi, inú mi dùn ní ìṣẹ́jú yẹn.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo inú yàrá abẹ́rẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fa pẹnisílìn sínú abẹ́rẹ́, Ráímì rí ìgò náà, ó na ọwọ́ sókè, ó ń mi orí, ó ń ṣe "ùn-ùn, ùn-ùn" lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi dì í lẹ́nu. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàyà! Ọkùnrin tó tó báyìí ń sá fún abẹ́rẹ́!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n dì í mú, wọ́n gún un.

Kò dé ìdí máńgòrò kí ó tó ṣubú. Ọrùn rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ wú, ó ń wá èémí kò rí i. Nọ́ọ̀sì sáré, Ọ̀gá sáré, àlejò pàápàá bọ́ kóòtù sílẹ̀. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ máńgòrò kan tó fi kú. Àsàbí ń ké, "Ajíṣafẹ́ mi! Ajíṣafẹ́, dá mi lóhùn!" Lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ náà sáré dé láti ilé, tó ṣubú lé e, tó sì pe orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́: "Ráímì! Ráímì Àkànbí!"

Mo dìde. Mo wọ yàrá káàdì, mo fa àpótí R. Kò gbà mí ní àkókò rárá, ewé máńgòrò ti kọ́ mi dáadáa. Káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti pé ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá nígbà náà nítorí gbòdògì, egbò ara tí wọ́n ń fi pẹnisílìn wò, lásìkò tí Àsàbí wà ní Ìfọ́n tó lọ bímọ. Íǹkì pupa ni Ọ̀gá fi kọ ọ́ gàdàgbà sókè: kò gbọdọ̀ gba pẹnisílìn mọ́ láéláé, ara rẹ̀ wú, díẹ̀ ló kù kí ó kú. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo ká a, mo tì í bọ àpò.

Ọ̀gá Ọlátúnjí wọlé, kò jókòó. "O bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mo bi í, sà. Ó ní kò wá síbí rí."

Ó fa àpótí R fúnra rẹ̀. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un wò. Ó wá wò mí fún ìgbà pípẹ́, mo sì wojú rẹ̀. "Ó dára," ló wí. Bí ó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, pé ẹni tó mú un wá sọ pé kò wá rí.

Ẹ̀yin mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní ìlú. Kí wọ́n tó sin ín tán, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé Àsàbí ló purọ́ fún àwọn oníṣègùn pé ọmọ náà kò wá rí, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé ó ti wá. Kí ló dé tó fi purọ́? Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ta ló fún ọmọ náà lóúnjẹ láàárọ̀ yẹn? Àsàbí ni. Ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún un nítorí pé kò lè jẹ nǹkan líle. Áà! Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀kọ náà ló pa á, abẹ́rẹ́ kàn bá a lójú ọ̀nà ni. Ó búra títí, ó fi Kùránì búra, ó ní òun sọ pé òun fẹ́ lọ pe ìyá rẹ̀. Ta ló gbọ́ nígbà tó sọ ọ́? Èmi. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá jẹ́rìí. Mo ní ara mi ò yá.

Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n dá a padà sí Ìfọ́n. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sílé bàbá wọn, èyí àbíkẹ́yìn kò tíì fọhùn. Ìfọ́n sí Ìlobù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìrìn kékeré ni. Ní ọjọ́ ọjà, á wá dúró sẹ́bàá ọ̀nà pé bóyá òun á rí àwọn ọmọ náà kí wọ́n kọjá. Mo rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, mo gba inú oko àgbàdo kọjá kí ó má baà rí mi. Oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mi dé láti Ìbàdàn.

Mo lọ. Mo gba ìwé-ẹ̀rí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo fi iṣẹ́ yìí fẹ́ ìyá ìyá yín, iṣẹ́ náà ni mo fi kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta náà, tí ọ̀kan bá gbàgbé, mo máa ń na tábìlì débi pé wọ́n ń sọ pé orí mi ò pé. Mulíkátù, wọ́n á fún ọ ní ẹ̀rọ. Ìka ni aláìsàn á tẹ̀ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì kò ṣòro fún mi láti rí lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún ọ pé kíá ni mo rí i. N kò mọ ẹ̀rọ tó máa bá ọ ṣe ìyókù.

Mo ti fẹ̀yìntì, mo ti darúgbó, kí n tó lè lọ sí Ìfọ́n. Mo bá Àsàbí, tó ti di ìyá àgbà, ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta nìyí? Ẹ dìde o, àgbàlagbà bíi tiyín."

N kò dìde. Lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, mo yọ káàdì náà, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Láti ìgbà wo ni ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Láti ọjọ́ náà, Ìyá."

"Níbo lẹ ń gbé?"

"Ẹ̀rìn."

Ó mi orí. "Ẹ̀rìn níbí yìí." "Ẹ lọ kà á fún ìyá ọkọ mi."

"Wọ́n ti kú, Ìyá."

"Ẹ kà á fún ọkọ mi."

"Àwọn náà ti kú."

"Mo mọ̀. Àkọ́bí mi náà ti kú. Ó máa ń wá kí mi nígbà tó dàgbà, á jókòó síbi tí ẹ wà yẹn, á máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò jẹ oúnjẹ mi rí títí ó fi kú. Àwọn méjì tó kù kì í wá."

Oòrùn ń pa mí, ọ̀fun mi ti gbẹ. Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, igbá dé e lórí. Ó rí i pé mò ń wò ó.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Láti ọjọ́ náà, n kò fi omi lọ àlejò mọ́."